Ìjókòó Ẹ̀gbẹ́ Fèrèsé: Ó Dìgbà fún Màámi, Alágbàfọ̀ Ìsàlẹ̀-Ọ̀sà

Ó dìgbà o, Màámi! Háà, ikú ò ní sùúrù. Ẹni tó jókòó de bọ́ọ̀sì láti ọjọ́ yìí ti lọ, kí bọ́ọ̀sì tó dé.

Ẹ̀yin ẹbí, ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ̀yin ará Ìsàlẹ̀-Ọ̀sà, mi ò mọ ọ̀rọ̀ sọ lójú èrò. Màámi mọ̀. Wọ́n máa ń sọ fún àlejò pé, “Ẹnu Mojísọ́lá ò pọ̀, ojú ẹ̀ ló ń kọ̀wé.” Ìdí nìyí tí mo fi kọ tèmi sínú ìwé yìí. Ẹ jẹ́ kí n bá ìyá mi sọ̀rọ̀.

Màámi, alágbàfọ̀ tí kì í fi àbàwọ́n sílẹ̀. Ọlọ́wọ́ mímọ́, onínú mímọ́. Ẹni tó ń sá aṣọ sórí okùn, tí èrò ọ̀nà á rò pé lékeléke ló bà síbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ń fọ ẹ̀wù àdúrà fún àwa ìjọ aláṣọ funfun, láti Awoyaya títí dé Ajah. Láti ìgbà tí Bàámi ti kú, ọwọ́ yín méjèèjì yẹn nìkan ló tọ́ mi, tó rán mi nílé ìwé títí mo fi jáde sẹ́kọ́ńdìrì.

Iṣẹ́ yín le, ojú títì ló sì ń bà á jẹ́. Ẹ ó fọ ẹ̀wù, ẹ ó fi búlúù sí i, ẹ ó lọ̀ ọ́ títí á fi dán, ẹ ó dì í sínú aṣọ mímọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀kadà àti ọkọ̀ àtijọ́ tó ń ná ọ̀nà wa ń tú èéfín dúdú bí ìdí ìkòkò. Kẹ́ ẹ tó dé ọ̀dọ̀ oníbàárà ní Ajah, etí ọrùn ẹ̀wù á ti dúdú. Ẹ ò ní gbé e fún un. Ẹ ó gbé e padà wálé, ẹ ó tún un fọ̀. Mo ní, “Màámi, kò hàn.” Ẹ ní, “Ọlọ́run ni mò ń fọ̀ ọ́ fún. Ṣé Òun náà ò rí i?”

Èéfín tó ń ba aṣọ jẹ́ kò dá àyà yín sí. Ikọ́ bẹ̀rẹ̀ bí eré. Ọjọ́ tí dókítà sọ pé, “Ìyá, èéfín ni kẹ́ ẹ máa sá fún,” ẹ wo ojú rẹ̀, ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ ní, “Dókítà, níbo ni mo fẹ́ sá lọ? Ojú títì náà ni mo máa gbà sá.”

Ìgbà tí ìjọba kó bọ́ọ̀sì tuntun jáde, èyí tó ń lo iná mànàmáná, tí kò ní èéfín, tí kò ní ariwo, inú yín dùn bí inú ẹni tí wọ́n bímọ fún. Ẹ mú mi lọ sẹ́bàá títì ká lọ wò ó. Ó rọra kọjá. Ẹ ní, “Wò ó, ó ń rìn bí ará ìjọ wa. Kò wọ bàtà.” Torí àwa kì í wọ bàtà sí ẹ̀wù àdúrà, mo rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú mi.

Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì náà ò yà sọ́dọ̀ wa. Iwájú àwọn ẹ́sítéètì ńlá bíi VGC ló ń dúró sí, níbi tí ilé kan ti lè ní mọ́tò mẹ́ta. Ìjókòó ibẹ̀ a máa ṣófo, àwa á sì dúró sínú iyanrìn. Ẹ ò ṣépè fún ẹnì kankan. Ẹ kàn ní, “Wọ́n ń pọnmi lọ fún odò. Owó gbogbo wa ni wọ́n fi rà á, ibi tí òùngbẹ wà ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bu omi sí.” Ẹ tún fi gbólóhùn kan kún un tí mi ò lè gbàgbé: “Ìjókòó tó ṣófo lójú ẹni tó dúró, ẹ̀ṣẹ̀ ni.”

Ẹ ní kí n mú bírò, ká kọ̀wé sí ìjọba. Ẹ̀ ń sọ ọ́, mò ń kọ ọ́. “Má fi gírámà kún un o. Sọ pé èéfín ń pa wá, àwa náà sì ń san owó orí.” Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, èsì dé: akọ̀wé kan ń bọ̀ wá ka èrò ní oríta wa láàárọ̀. Bí èrò ojoojúmọ́ bá pọ̀, bọ́ọ̀sì á wọ Ìsàlẹ̀-Ọ̀sà.

Màámi, ibẹ̀ la ti ṣìṣe. Ẹ lọ láti ojúlé dé ojúlé, ẹ ní kí oníkálukú wọ aṣọ tó dáa jù. Fún àwa, aṣọ wo ló tún dáa ju ẹ̀wù funfun lọ? Ṣé a ó wọ àkísà lọ síwájú ìjọba ni? Ẹ̀yin fúnra yín lẹ lọ gbogbo ẹ̀wù náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, oríta funfun báláú. Ẹsẹ̀ lásán la fi dúró. Bàbá Ràṣíìdì káfíńtà, aládùúgbò wa tó jẹ́ mùsùlùmí, náà wọ jalabíà wá. Ó ní, “Ìyá Mojí, tèmi náà funfun o, ẹ má lé mi lórí ìlà.”

Akọ̀wé sọ̀ kalẹ̀, ó wò wá, ó ní, “Ẹ kú ìmúra o. Ìsọjí wo lẹ ń lọ?” A rò pé ó ń ṣeré ni, a rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo dúró sí. Mo rí ohun tó kọ: *Ará ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń lọ ìsọjí ọjọ́ kan. Kò sí èrò ojoojúmọ́.* Mo kà á láti òkè délẹ̀. Ẹnu mi ò ṣí. Mo dúró bí òpó iná títí mọ́tò rẹ̀ fi yí, tó sì lọ.

Ìgbà tí a délé ni mo tó sọ fún yín. Ẹ ò bú mi. Ẹ ti ọwọ́ bọ inú omi ọṣẹ, ẹ ní, “Ohun tí ojú bá kọ, ẹnu la fi ń kà á jáde, Mojí. Ìwé tí a ò kà jáde, ta ló gbọ́?” Àwọn oṣù tó tẹ̀lé ọjọ́ yẹn, ikọ́ yín ni mo fi ń kà wọ́n.

A tún kọ̀wé. A tún kọ òmíràn. Kí akọ̀wé tó padà wá, òjò ti lọ, ẹ̀ẹ̀rùn ti dé. Ẹ ò lè rìn káàkiri mọ́, èmi ni mo lọ láti ojúlé dé ojúlé. Iṣẹ́ tí ẹ rán mi ni pé, “Bẹ́ ẹ ṣe ń lọ síbi iṣẹ́ gan-an ni kẹ́ ẹ ṣe wá. Kẹ́nikẹ́ni má fọṣọ.” Ẹ̀yin alágbàfọ̀ lẹ sọ bẹ́ẹ̀! Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gba ẹ̀rín náà lẹ́nu yín.

Bíríkìlà gbé ṣọ́bìrì wá, Bàbá Ràṣíìdì gbé ayùn. Ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí Bàbá Ràṣíìdì kàn sí oríta nítorí yín, áńkáṣíìfù tútù wà ní imú yín. Nígbà tí akọ̀wé mú bírò jáde, mo bọ́ síwájú rẹ̀. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ohun tí mo bá wí. Àwọn yìí ń lọ síbi ìkọ́lé ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí lójoojúmọ́. Àwọn yìí ń tọ́jú ilé onílé ní VGC. Èyí, ìyá mi ni. Ọsibítù ni wọ́n ń lọ, èéfín ò sì jẹ́ kí wọ́n mí.” Bàbá Ràṣíìdì ní, “Akọ̀wé, ẹ ka ayùn mi náà mọ́ wọn, òun náà ń wọkọ̀.” Akọ̀wé rẹ́rìn-ín, ó sì kọ. Mo yọjú wo ìwé rẹ̀: ó kọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹ kàn fọwọ́ gbá bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, pé kí n wá jókòó.

Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ lẹ ń lọ síbẹ̀. Mo ní, “Màámi, wọ́n ti gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ní ó di ìgbà tí wọ́n bá tún ọ̀nà ṣe tán.” Ẹ ní, “Mo mọ̀. Mò ń gba àyè sílẹ̀ ni. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni tèmi.”

Ẹ ò jókòó síbẹ̀. Ọjọ́ Ajé lẹ dákẹ́. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni bọ́ọ̀sì wọ Ìsàlẹ̀-Ọ̀sà. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́, mo dúró láàárín wọn bí ọmọ tí wọ́n gbàgbé sọ́jà.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé ẹ̀wù tí wọ́n máa fi sin yín, èyí tí mo fọwọ́ ara mi fọ̀, mo wọ bọ́ọ̀sì náà lọ sí ọsibítù tí ẹ sùn sí. Mo jókòó, mo fi ẹ̀gbẹ́ fèrèsé sílẹ̀ fún yín, mo tẹ́ ẹ̀wù yín sórí rẹ̀. Ní Awoyaya, obìnrin kan wọlé tòun ti ẹrù lọ́wọ́. Ó ní, “Àǹtí, ṣé èèyàn wà níbẹ̀ ni?” Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, irọ́ ni. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ti kú nìyẹn. Ó ṣì dúró. Mo wá rántí ọ̀rọ̀ yín lórí ìjókòó tó ṣófo. Mo gbé ẹ̀wù náà mọ́ àyà, mo ní, “Ẹ wọlé, Mà. Kò séèyàn.” Màámi, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ka ikú yín jáde lẹ́nu nìyẹn.

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ ní Ajah, mo tú ẹ̀wù náà wò nínú oòrùn: etí ọrùn, ọwọ́, ìṣẹ́tí ìsàlẹ̀. Mo wò ó bí ẹ ṣe máa ń wò ó. Mo wá a títí, mi ò rí àbàwọ́n kan ṣoṣo tí ǹ bá torí rẹ̀ gbé e padà sílé.

Mo gbé e wọlé fún wọn ní ọsibítù.

Ilé dákẹ́, okùn aṣọ ṣófo. Bẹ́ǹṣì yín wà ní oríta, ẹnikẹ́ni tó bá ti rẹ̀ lè jókòó síbẹ̀. Ọ̀nà tí ẹ ń lọ yìí, mo gbà pé kò ní èéfín. Ẹ̀wù yín funfun, Màámi. Ẹ sùn re o.

Èmi, Mojísọ́lá, ọmọ yín kan ṣoṣo.