Ìrun Òjò Tí A Kí Níwájú Lọ́rì Agégi

Ní àwọn ọdún tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn ológun ló ń ṣèjọba, wọn kì í sì í fẹ́ rí èrò tó dúró pọ̀ sójú kan. Mo ń ṣe tíṣà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ṣàngó, nílùú Ìlọrin. Kí n tó di tíṣà, mo ti bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi ṣe ìwọ́de, tajútajú ti ta mí lójú, mo sì ti sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí nígbà náà pé kí ni wọ́n ń pè ní ìjà, màá sọ pé owó oṣù ni, tàbí kí n sọ pé ìbò ni. N kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òjò ni ìjà tí màá fi yangàn jù lọ láyé mi.

Òkè-Oyì, abúlé kan lẹ́yìn Ìlọrin, ni ilé bàbá mi. Nígbà tí bàbá mi ti kú, àbúrò rẹ̀ tí gbogbo èèyàn ń pè ní Bàbá Àlàbí ni olórí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ níbẹ̀. Òun ló fi mí ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ náà. Ó ní ahọ́n mi mú, ó sì yẹ kó ṣe ilé láǹfààní. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti gba ìsinmi òpin ọ̀sẹ̀, màá wọ bọ́ọ̀sì lọ bá wọn.

Lọ́dún náà, òjò tètè dé. Inú gbogbo èèyàn dùn, wọ́n gbin àgbàdo, wọ́n gbin ẹ̀wà. Àfi bí òjò ṣe dáwọ́ dúró. Ohun tó hù jóná mọ́lẹ̀. Òjò tún ṣú, ó rọ̀ díẹ̀, àwọn èèyàn tún wá irúgbìn mìíràn gbìn, oòrùn tún gbà á. Bàbá Àlàbí mú mi lọ sóko rẹ̀, ó fi ọkọ́ wú ebè kan, ó bu erùpẹ̀ inú rẹ̀ sí mi lọ́wọ́. Ó gbẹ bí eérú. Ó ní, "Sàlámọ̀, mi ò mọ ìgbà tó yẹ kí n gbin nǹkan mọ́. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n, kò yé mi mọ́ báyìí." Bó ṣe sọ ọ́ dùn mí gan-an, nítorí n kò gbọ́ ọ rí kí ó sọ pé ohun kan kò yé òun.

Oníkálukú ló ní ohun tó ń tọ́ka sí. Àwọn kan ní olówó kan tó ń kọ́lé nígboro ló so òjò rọ̀ títí yóò fi kan òrùlé. Àwọn kan ní ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ aráyé ló pọ̀ jù. Àwọn àgbẹ̀ mìíràn ní ó ti pẹ́ tí òjò ti ń yí padà, pé ọyẹ́ pàápàá ń dé nígbà tó bá wù ú. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ti kà nínú ìwé ìròyìn pé èéfín iléeṣẹ́ ńláńlá ní òkè òkun ti ń mú gbogbo ayé gbóná, àti pé ibi tí wọ́n bá ti ń pa igbó run, omi ilẹ̀ ibẹ̀ máa ń sá. Mo sọ ọ́ nípàdé. Wọ́n fi sùúrù gbọ́ mi dópin, ìyá àgbà kan wá béèrè bóyá àwọn aláwọ̀ funfun náà mọ ọ̀nà Òkè-Oyì. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ìgboro ló ṣòro jù láti rí ẹni tí yóò gbọ́. Níyàrá àwọn tíṣà, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní iná kò sí, owó oṣù kò dé, ta ló ráyè igi. Mo lọ sí àdúgbò Gàmbàrí, lọ́dọ̀ Àlájì Gàrbá, oníṣòwò ọkà tí àwọn baba ńlá rẹ̀ wá láti ilẹ̀ Haúsá, tí àwọn àgbẹ̀ wa máa ń tajà fún. Mo fẹ́ kí ó bá wa sọ ọ́ ní káńsù ìjọba ìbílẹ̀ pé kí wọ́n má jẹ́ kí wọ́n máa pa igbó run. Ó gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, ó fún mi ní fúrá mu. Nígbà tí mo rojọ́ tán, ó ní, "Tíṣà, ọwọ́ Ọlọ́run ni òjò wà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ káńsù." Kò bínú sí mi, ṣùgbọ́n kò tẹ̀ lé mi.

Ibi tí a bá a dé nìyẹn kí àwọn agégi tó dé. Igbó kan wà ní etí odò lẹ́yìn Òkè-Oyì, tó kún fún igi apá àti ọ̀gànwó. Nígbà tí odò náà bá fà níbi gbogbo, abẹ́ igbó yẹn nìkan ni omi máa ń ṣẹ́kù sí. Ibẹ̀ ni àwọn obìnrin ti ń pọn omi, ibẹ̀ ni ẹran ti ń mu. Agbaṣẹ́ṣe kan gba àṣẹ ní káńsù pé òun fẹ́ gé gbogbo igi náà. A lọ bẹ káńsù, wọ́n ní ìjọba ló ni igbó. A padà lọ, wọn kò jẹ́ kí a kọjá ẹnu géètì. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ gbọ́ ìró ẹ̀rọ agégi, àwọn ọ̀dọ́ ní àwọn yóò dáná sun lọ́rì. Bàbá Àlàbí ní ẹni tó bá sun lọ́rì ti la ọ̀nà fún ṣọ́jà wọ agbo ilé wa nìyẹn. Mo ní kí a ṣe ìwọ́de lọ bá gómìnà. Ó wò mí, ó bi mí pé mélòó nínú wa ni mo rò pé yóò padà wálé.

Alfa Sàfíù ni lèmọ́mù abúlé wa. Òun ló ń wáàsí pé ẹ̀ṣẹ̀ ló dá òjò dúró, àwa méjèèjì sì ti jiyàn lórí ẹ̀ nígboro àti lábúlé. Mo gbọ́ pé ó fẹ́ kó àwọn èèyàn jáde láti kí ìrun òjò. Mo lọ bá a lẹ́yìn ìrun alááṣárì, mo kúnlẹ̀ kí i.

Mo ní, "Alfa, ẹ ní ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ẹni tó ń ba omi gbogbo abúlé jẹ́, ṣé òun kò dẹ́ṣẹ̀ ni?"

Ó ń fa tẹ̀sùbáà rẹ̀ bó ṣe dáhùn pé, "Ó dẹ́ṣẹ̀."

"Níbo lẹ ti fẹ́ kí ìrun náà?"

"Gbangba ìta ni wọ́n ti ń kí i."

Mo ní, "Ojú ọ̀nà tó wọ igbó yẹn náà, gbangba ìta ni."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní mo fẹ́ sọ òun di olóṣèlú lọ́jọ́ alẹ́ òun. Ṣùgbọ́n ní ìrun Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó kéde ibi tí a ó ti kírun.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, àwọn èèyàn wá láti abúlé gbogbo tó yí wa ká. Aṣọ àlòkù ni wọ́n wọ̀, wọ́n kó ewúrẹ́ àti àgùntàn wọn dání bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún irú ìrun bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà dí pa. Lọ́rì àwọn agégi dé, awakọ̀ fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan, ó wo iye èrò tó wà níwájú rẹ̀, ó pa ẹ́ńjìnnì. Ọmọ iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe gun alùpùpù lọ sígboro. Nígbà tí yóò fi padà, ọkọ̀ ọlọ́pàá ló tẹ̀ lé e.

Ọ̀gá wọn bọ́ sílẹ̀ tòun ti kóńdó. Ó béèrè ẹni tó fún wa láṣẹ ìpàdé. Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí màá sọ, ṣùgbọ́n Alfa ti dìde.

"Ìpàdé kọ́, ọ̀gá. A fẹ́ bẹ Ọlọ́run fún òjò ni. Ẹ bá wa ṣàmín."

Alfa kò dúró gbọ́ èsì ọ̀gá náà, ó yíjú sí gábàsì, ó kábàrà láti bẹ̀rẹ̀ ìrun. Gbogbo wa tò sẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́pàá náà bọ́ bàtà, ó wá dúró sórí ìlà pẹ̀lú àwọn ọkùnrin. Lẹ́yìn ìrun, Alfa wáàsí, kò sì kánjú. Ó sọ̀rọ̀ ẹni tó ń purọ́ lọ́jà, ó sọ̀rọ̀ ẹni tó ń jẹ ohun ọmọ òrukàn, ó wá kan ẹni tó ń gé igi tí èèyàn àti ẹran fi ń rí omi mu. Ó ní kí ẹni bẹ́ẹ̀ túúbá. Nígbà tí oòrùn ti mú ganrínganrín, ọ̀gá ọlọ́pàá lọ bá agbaṣẹ́ṣe, ó ní kí ó kó lọ́rì rẹ̀ padà lọ́jọ́ yẹn. Lọ́jọ́ kejì, a tún wà níbẹ̀, a tún ń tọrọ òjò.

Ìròyìn dé ìgboro kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Alága káńsù ránṣẹ́ pè wá. Nígbà tí a dé ọ́fíìsì rẹ̀, Àlájì Gàrbá ti jókòó síbẹ̀. Ó ní òun gbọ́ ohun tí Alfa sọ. Ó sọ fún alága pé lóòótọ́ ọwọ́ Ọlọ́run ni òjò wà, ṣùgbọ́n ọwọ́ káńsù ni ìwé àṣẹ wà. Wọ́n gba àṣẹ náà padà.

Òjò kò rọ̀ lọ́jọ́ tí a kírun. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó rọ̀, ìkórè ọdún náà kò sì tó nǹkan. Títí dòní, àwọn kan ní àdúà ló gbà, àwọn kan ní àsìkò rẹ̀ ló tó. N kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ẹ̀ mọ́. Ohun tí mo fojú mi rí ni pé àwọn tí èrò wọn kò ṣọ̀kan lórí ohun tó fa ọ̀dá dúró pọ̀ lójú ọ̀nà kan náà, ìjọba ológun sì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. N kò rí irú rẹ̀ rí nígbà tí mo ń ju òkúta ní ilé-ìwé.

A pàdánù díẹ̀ náà. Agbaṣẹ́ṣe náà rékọjá lọ sí òdìkejì odò, níbi tí a kò lẹ́nu sí, ó gé ibẹ̀ tán. Bàbá Àlàbí kú láìtún mọ ìgbà tí òjò yóò dé. Igbó tiwa ṣì wà, omi ṣì wà lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n igi etí rẹ̀ ti ń dín kù.

Láìpẹ́ yìí ni mo bá Ráfátù, ọmọ Bàbá Àlàbí obìnrin, tó ń sun èédú létí igbó náà. Mo bá a wí. Kò bínú, ó kàn bi mí pé, "Àǹtí, bí oko kò bá ṣe é gbára lé mọ́, kí ni kí n fi bọ́ àwọn ọmọ?" Mo jókòó tì í títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú, a jọ ń wá èsì ìbéèrè náà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ti ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ báyìí lórí fóònù yín, ó dára, ó yá ju tiwa lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀ ní Òkè-Oyì, kí ẹ wá bá wa dá Ráfátù lóhùn. A ti lé lọ́rì padà rí. Èyí náà kò ní kọjá agbára wa.