Ràhámọ̀tù Kú, Mọ́tò Wà Ní Òṣogbo

Ràhámọ̀tù ti kú. Ó ṣubú nínú ọ́fíìsì rẹ̀ ní Ìwó, lọ́sàn-án Ọjọ́rú, ó sì kú nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá kí wọ́n tó gbé e dé ẹnu géètì ọsibítù. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, a ti kírun sí i lára, a ti sin ín. Mo wà níbẹ̀. Mo bu yẹ̀pẹ̀ lé e. Mi ò sunkún lọ́jọ́ náà, mi ò sì tíì sunkún títí di òní. Ṣe ni gbogbo ara mi kú. Ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá tutù jù. Mo ti wá ìbínú tó yẹ kí n fi kọ ọ́, mi ò rí i.

Ta ni Ràhámọ̀tù? Alákòóso ọ́fíìsì ni ní Àjọ Ìtura Abiyamọ, ẹgbẹ́ aláàánú kan tí kì í wá èrè, tó ń fi mọ́tò gbé aboyún láti oko wá sí ọsibítù ní Ìwó. Bí ẹ bá gbọ́ "alákòóso ọ́fíìsì" tí ẹ rò pé obìnrin kan tó jókòó sábẹ́ fáànù ni, ẹ tún un rò. Òun ló ń ṣílẹ̀kùn, òun ló ń tì í. Òun ló ń wá epo sí jẹnẹrétọ̀, òun ló ń tẹ ìròyìn tí ọ̀gá ń fi ránṣẹ́ sí àwọn olùrànlọ́wọ́, òun ló ń wá ìrẹsì fún àlejò, òun náà ló ń bẹ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nígbà tó bá há bébà sẹ́nu. Láàárín gbogbo rẹ̀, fóònù rẹ̀ ń dún. Nọ́ńbà rẹ̀ ni ẹgbẹ́ náà lẹ̀ mọ́ ara ògiri ní Kuta, ní Olúpọ̀nnà, ní Ilé-Ogbó, pé kí aboyún tí ara bá ń ni pè é. Àwọn obìnrin oko kò mọ orúkọ rẹ̀. Ìyá Mọ́tò ni wọ́n ń pè é.

Èmi àti Ràhámọ̀tù jọ lọ sí ilé kéú ní kékeré ni. Nígbà tí àwa yòókù bá ti sáré wọlé, Ràhámọ̀tù á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á máa to bàtà wa ní méjì méjì, á kọ imú wọn síta, kó lè rọrùn fún wa nígbà tí a bá ń jáde. Kò sẹ́ni tó rán an. Alfa á nà án pé ó pẹ́ kó tó dé ìdí wàláà. Lọ́jọ́ kejì, á tún tò ó. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, á sì ní, "Ìwọ ṣáà máa wọ bàtà ẹ lọ."

Ọ̀gá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Múyìíwá, mọ̀ ọ́n yìn. Gbogbo ìgbà tí Ràhámọ̀tù bá bẹ̀ ẹ́ pé kó wá ẹnì kejì fún òun, pé orí ń fọ́ òun, pé dókítà ní ẹ̀jẹ̀ òun ń ru, èsì kan náà ló ń fún un: "Ràhámọ̀tù, ìwọ nìkan tó èèyàn mẹ́rin." Ẹ wo ìyìn. Àwọn àgbà ní ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ti ẹgbẹ́ yìí yàtọ̀. Ọwọ́ kan ni wọ́n ní kó gbé e, wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Ní Ọjọ́rú yẹn, àwọn olùrànlọ́wọ́ dé láti Àbújá. Ọ̀gbẹ́ni Múyìíwá ní kí Dúró, awakọ̀ wọn, fi mọ́tò aboyún gbé wọn lọ sí ìpàdé ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Òṣogbo. Ìṣojú Dúró ni Ràhámọ̀tù ti béèrè pé, "Bí ẹnì kan bá pè ńkọ́, sà?"

Ọ̀gá ní, "Wá nǹkan ṣe sí i. O mọ bó o ṣe máa ń ṣe é."

Mọ́tò lọ. Wọ́n sì kọ ọ́ sí ara mọ́tò náà gàdàgbà pé aboyún nìkan ló wà fún.

Ọ̀ṣúnkẹ́mi nìkan ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tó ṣubú. Ìyàwó àgbẹ̀ ni, ọmọ ìdílé olórìṣà kan lẹ́yìn Kuta. Inú mọ́tò yẹn ló bí àkọ́bí rẹ̀ sí, oyún kejì ló sì gbé wá sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ náà. Mo lọ bá a nílé. Ó kúnlẹ̀ kí mi, kò sì tètè dìde.

"Ìyá Mọ́tò ń bá mi sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni. Wọ́n kàn fọwọ́ di tábìlì mú, wọ́n sì lọ sílẹ̀. Èmi ò mọ nǹkan míì í ṣe. Ohun tí àwọn ẹgbẹ́ kọ́ wa náà ni mo ṣe. Wọ́n ní bí wàhálà bá dé, ká má wo ojú ẹnikẹ́ni, ká pe nọ́ńbà yẹn. Mo ti há a sórí. Mo bá pè é."

Mo bi í pé ta ló gbé fóònù náà.

"Orí tábìlì wọn ló ti ń dún, ẹ̀gbọ́n. Mo pa á, mo tún un pè. Mo rò pé ẹlòmíì máa gbé e."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbé gbólóhùn yẹn kiri. Ẹlòmíì wo? Ẹgbẹ́ tó ní alága, tó ní ìgbìmọ̀ alábòójútó, tó ní ọ̀gá àgbà àti igbá kejì rẹ̀, ṣé kò sí ẹnì kan ṣoṣo tí fóònù tún lè dún lọ́dọ̀ rẹ̀? Àbí ẹni tó ń wá mọ́tò fún gbogbo ayé ni kò gbọdọ̀ nílò mọ́tò? Ọ̀ṣúnkẹ́mi ló gbé oyún sáré jáde sí títì, òun ló dá kẹ̀kẹ́ dúró. Àwọn tó bá a gbé Ràhámọ̀tù pe Ọ̀gbẹ́ni Múyìíwá títí, kò gbé e. Dúró sọ fún mi pé ọ̀gá ń bá àwọn àlejò sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ó ń ṣàlàyé bí ẹgbẹ́ náà ṣe ń tètè gba ẹ̀mí là.

Nígbà tó pé ọjọ́ kẹjọ, ẹgbẹ́ wá síbi àdúrà. Wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ ńlá wá, wọ́n kọ "Akọni Obìnrin" sábẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ a kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Ọ̀gbẹ́ni Múyìíwá dìde, ó ní àdánù ńlá ni, pé kò sẹ́ni tó lè rọ́pò rẹ̀. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Wọn ò wá ẹnikẹ́ni sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rí.

Lẹ́yìn àdúrà, Mùrí, ọkọ rẹ̀, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú, fà mí lọ sẹ́yìn ilé. Fóònù náà wà nínú àpò jalabíà rẹ̀.

"Wọ́n ṣì ń pè é," ó wí. "Lánàá, ìyàwó kan pè láti oko Olúpọ̀nnà. Ó ní, Ìyá Mọ́tò, omi ti ń dà lára mi o. Mi ò lè sọ fún un pé ó ti kú. Mo lọ bẹ onítakisí àdúgbò wa, a jọ lọ gbé e ni."

Mo bi í bóyá ẹgbẹ́ mọ̀. Ó ní wọ́n mọ̀. Wọ́n ní kí òun ṣì máa bá àwọn gbé e ná, pé àwọn máa wá nǹkan ṣe sí i.

Èmi ò fẹ́ àwòrán. Mo fẹ́ kí ìgbìmọ̀ alábòójútó ẹgbẹ́ yìí jókòó ní gbangba, ní Ìwó níbí, kì í ṣe ní hòtẹ́ẹ̀lì, kí wọ́n dárúkọ ẹni tó ní kí mọ́tò aboyún máa gbé àlejò, kí wọ́n sì sọ ìdí tí obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru fi ń dá ṣe iṣẹ́ èèyàn mẹ́rin. Bí wọn ò bá tíì ráyè, kí Ọ̀gbẹ́ni Múyìíwá wá gba fóònù yẹn lọ́wọ́ Mùrí lónìí. Kó má gbé e fún akọ̀wé, kó má gbé e fún Dúró. Kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí ara rẹ̀. Bí obìnrin kan bá sì pè láti oko, tó béèrè Ìyá Mọ́tò, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún un pé ó ti kú, kó sì sọ ibi tí mọ́tò wà.