Oríkì Fìyìnfólúwa lórí Fesibúùkù

Olúrẹ̀mí tó ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba kì í jẹun kó má kọ́kọ́ gbé fọ́tò ọmọ rẹ̀ sórí Fesibúùkù. Ẹja inú òkun pàápàá mọ ilé ìwé Fìyìnfólúwa. Nígbà tọ́mọ náà pé ọdún mẹ́wàá, ìyá rẹ̀ gbé fídíò síbẹ̀, ó ń kì í ní Àbẹ̀bí.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin kan dúró lẹ́nu géètì ilé ìwé. "Àbẹ̀bí, màmá rẹ ní kí n wá mú ọ."

Ní Upper Sakponba, níbi tí Yorùbá kò pọ̀ sí, ta ló mọ oríkì ọmọ bí kò ṣe ẹbí? Ọmọ náà wọ mọ́tò ọkùnrin náà.

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó rí i lẹ́bàá Airport Road. Olúrẹ̀mí na ọwọ́ sí i. "Àbẹ̀bí mi."

Ọmọ náà fà sẹ́yìn. "Mummy, abeg, no call me that name again."