Sàlẹ́ńsà Tí Mo Bá Bàbá Mi Yàn

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí orí mi kò tíì kan fèrèsé ọkọ̀ bàbá mi, ohùn ni àwọn ará oko fi ń mọ ọkọ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má gbà mí gbọ́. Lónìí, ẹ ó tẹ dírẹ́bà láago, yóò ní òun ti wà lọ́nà, bẹ́ẹ̀ inú ilé ló ṣì wà. Kò sí fóònù nígbà náà. Obìnrin tó fẹ́ kó ata tàbí ẹ̀gẹ́ wá sí ọjà Èjìgbò yóò di ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, yóò máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, yóò sì dẹ etí sí ọ̀nà. Bó bá ti gbọ́ ohùn ọkọ̀ tó mọ̀, yóò gbé ẹrù, yóò sáré jáde.

Bàbá mi ní píkọ́ọ̀pù kan tó ti gbó kí ó tó rà á. Ẹnì kan tó ti Àbíjàn dé ló tà á fún un. Àwọn tó ti ọ̀hún dé a máa fi èdè Faransé pè é ní bàṣé, nítorí tapólì tí wọ́n fi ń bo ẹ̀yìn rẹ̀. Pákó ni wọ́n tẹ́ sí ilẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, àwọn pákó ọ̀hún kò sì pàdé ara wọn dáadáa. Ọ̀nà Isundunrin ni bàbá mi ń ná, a sì máa yà sí àwọn àbúlé tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní ọjọ́ ọjà.

N kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí. Bí mo bá wọ ọkọ̀ títí di òní, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni mò ń jókòó sí, mo sì máa ń ṣí fèrèsé, bí òjò tilẹ̀ ń rọ̀. Wọ́n ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí, ó ti sú wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ àbúrò mi kan ti Àbíjàn dé lọ́dún yìí, ó sì ra irú píkọ́ọ̀pù àtijọ́ yẹn gẹ́lẹ́. Ó kùn ún, ó ń dán. Ó wá ku kí ó yan sàlẹ́ńsà, ìyẹn páìpù tó ń gbé èéfín ẹ́ńjìnnì jáde. Ó gbé fóònù rẹ̀ sí mi létí, ó ń fi ohùn oríṣiríṣi sàlẹ́ńsà dá mi lára yá.

“Tàǹtí, ẹ gbọ́ èyí. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń bú bíi kìnnìún! Èwo lẹ fẹ́ràn níbẹ̀?”

Mo dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó rò pé inú ló ń bí mi. Kì í ṣe ìbínú. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹnì kan ti bi mí ní irú ìbéèrè yẹn rí, mo sì dáhùn.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Sàlẹ́ńsà tó bá ọkọ̀ bàbá mi wá dípẹtà, ó sì já sílẹ̀ lójú ọ̀nà lọ́jọ́ kan. Mẹkáníìkì bá a wá òmíràn, tòkunbọ̀ tí wọ́n tú lára ọkọ̀ mìíràn. Ó gùn, ó gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá títí dé ìdí, ẹnu rẹ̀ sì yọ síta lẹ́yìn. Ọkọ̀ náà wá dákẹ́, débi pé ìyá mi kì í mọ ìgbà tí bàbá mi bá wọlé. Inú tiwa dùn sí i.

Inú àwọn ará oko kò dùn. Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, bàbá mi gba àbúlé méjì kọjá, kò sí ẹni tó jáde. Bó ṣe ń padà bọ̀ ni obìnrin kan tó ń ta ata lọ dúró sí àárín ọ̀nà, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí.

“Dírẹ́bà wa, ẹ kú yíyọ́ o! Ṣé ọkọ̀ olè lẹ wá ń wà ni, tó ń yọ́ gba ẹ̀yìnkùlé onílé? Ata mi ló ń rà nílẹ̀ yẹn. Ẹ kúkú gbé e lọ fún ìyàwó yín kó fi se ọbẹ̀.”

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín, bàbá mi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti dùn ún. Yàtọ̀ sí èyí, páìpù gígùn náà ń gbá òkúta ní ọ̀nà oko, ó sì ti tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá mi bá gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ jórinjórin kan ní Èjìgbò. Mo bá a lọ.

Jórinjórin náà wọ abẹ́ ọkọ̀, ó wò ó, ó jáde. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo lè ṣe é gùn, mo lè ṣe é kúrú. Èyí tó gùn á tún máa gbá òkúta. Èyí tó kúrú, abẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ níbí ni ẹnu rẹ̀ á mọ, kò sí ohun tó máa kàn án. Á sì dún! Òkú ọ̀run á gbọ́.”

Bàbá mi ní òun kò lè fi etí ara òun yàn án, nítorí inú ọkọ̀ ni òun máa ń wà. Ó bá yíjú sí mi. Èmi ni mo máa ń gbọ́ ọkọ̀ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni nínú ilé tó gbọ́, tí n ó sì ti gbé omi ìwẹ̀ rẹ̀ kaná kí ó tó dé. Ó ní kí n rìn lọ títí dé ibi tí ọ̀nà ti yà, kí n kọ ẹ̀yìn sí wọn, kí n má ṣe wò. Bí mo bá ti gbọ́ ọkọ̀, kí n na ọwọ́ sókè.

Wọ́n kọ́kọ́ fi wáyà so páìpù gígùn mọ́ ọn. N kò gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n fi èyí tó kúrú sí i, mo gbọ́ ọ bíi pé ó wà lẹ́yìn mi gan-an. Mo nawọ́. Kò tẹ́ mi lọ́rùn, mo tún sáré lọ jìnnà sí i láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán mi, mo sì tún nawọ́. Nígbà tí mo padà dé, bàbá mi gbé mi jókòó sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì níwájú gbogbo èèyàn.

Ó ní, “Ọmọ mi ti yàn án. Jó èyí tó kúrú mọ́ ọn.”

Orí mi wú. Ní ọjọ́ ọjà, àwọn obìnrin tún bẹ̀rẹ̀ sí í sáré jáde, aláta yẹn sì pariwo pé, “Ẹ̀hẹ́n! Ọkọ̀ ti tún padà di ọkùnrin!” Lóòótọ́, èéfín máa ń ta wá lójú lẹ́yìn ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, a ń ká tapólì sókè, atẹ́gùn sì ń gbé e lọ. Kò sí ẹni tó kà á sí.

Òjò wá dé. Ní ọjọ́ ọjà kan tí ilé ẹ̀kọ́ wà ní ìsinmi, mo bá bàbá mi lọ sóko. Obìnrin mẹ́ta ló wọ ọkọ̀ ní àbúlé tó kẹ́yìn. Ọ̀kan nínú wọn ni aláta náà, ó sì mú ọmọbìnrin rẹ̀ dání, ẹgbẹ́ mi ni. Kí a tó gbéra, àwọn obìnrin náà ra àádùn lọ́wọ́ opó àgbàlagbà kan tó máa ń pàtẹ sẹ́bàá ọ̀nà níbẹ̀. Èmi àti ọmọ náà jọ pín ewé kan jẹ, epo rẹ̀ sì kùn wá létè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Mo jẹ níbẹ̀.

Òjò bẹ̀rẹ̀, bàbá mi tú tapólì sílẹ̀, ó so ó mọ́lẹ̀ yíká. Nígbà tí a dé ibi pẹ̀tẹ́lẹ̀ kan lẹ́bàá odò, ọkọ̀ rì sínú ẹrẹ̀. Bàbá mi ké sí wa láti ìta pé, “Ẹ jókòó síbẹ̀, ẹ má wulẹ̀ sọ̀ sínú òjò. Kò ní pẹ́.” Ó lọ gé ẹ̀ka igi tí yóò fi sábẹ́ táyà, ó sì lọ wá ẹni tí yóò bá a ti ọkọ̀. Kò pa ẹ́ńjìnnì, torí pé bó bá kú, títì nìkan ló máa ń jí i.

Èéfín wá ń gba àárín pákó wọlé. Kò ṣú dùdù. Aláta ní, “Dírẹ́bà ti sọ wá dẹja yíyan lónìí,” a sì rẹ́rìn-ín. Nígbà tó ṣe, kò sọ nǹkan kan mọ́. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Orí ń fọ́ mi bíi pé wọ́n ń fi ọmọ odó gún un. Èébì gbé mi, mo sì fa etí tapólì sókè, mo yọ orí síta. Mo bì, mo sì fi orí sílẹ̀ nínú òjò, torí omi náà tutù, ó sì ń dùn mọ́ mi. Ọmọ aláta fi ara ti ẹsẹ̀ mi. Mo rò pé oorun ló ń kùn ún. Mo fi ọwọ́ gbọ̀n ọ́n, mo ní, “Dìde, òjò ti ń dá.”

Nígbà tí bàbá mi àti àgbẹ̀ méjì ti ọkọ̀ jáde, tí wọ́n ká tapólì, aláta àti ọmọ rẹ̀ ti kú. Àwọn obìnrin méjì yòókù ń mí, wọn kò lè sọ̀rọ̀. Wọ́n gbé wọn lọ sílé ìwòsàn, Ọlọ́run sì dá wọn sí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àlùfáà kírun sí òkú àwọn méjèèjì lára, wọ́n sì sin ìyá, wọ́n sin ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Èébì tí a bì ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ẹnì kan ní májèlé ló máa ń mú èèyàn bì. Ẹlòmíràn rántí pé opó tó ta àádùn fún wa àti aláta ti jà lórí ibi tí wọ́n ń pàtẹ sí. Kó tó di ọ̀sán, àbúlé ti pé jọ sí ojúde Baálẹ̀, wọ́n sì ránṣẹ́ pe bàbá mi. Ó mú mi dání.

Opó náà wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó ní, “Èmi tí mo fi àádùn tọ́ ọmọ, tí mo tún fi ń tọ́ ọmọ ọmọ, ṣé èmi ni n ó fi pa ọmọ ọlọ́mọ? Ẹ bi ọmọ dírẹ́bà léèrè. Ó jẹ níbẹ̀, ojú mi ló ṣe! Ẹ bi í!”

Baálẹ̀ yíjú sí mi. “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o jẹ níbẹ̀?”

Mo wo bàbá mi. N kò rí irú ojú yẹn lára rẹ̀ rí. Ẹ̀rù ń bà á. Mo rò ó pé bí mo bá ní mo jẹ, wọn yóò ní kí ló wá pa àwọn tó kú. N ó sọ èéfín. Wọn yóò ní ta ló fi èéfín síbẹ̀. Èmi ni mo nawọ́ sókè.

Mo ní, “N kò jẹ níbẹ̀, sà.”

Ariwo sọ. Wọ́n ní ẹ ò rí i, ẹni tí kò jẹ nìkan ni ara rẹ̀ dá. Wọ́n da ìyókù àádùn sílẹ̀ fún adìẹ, adìẹ jẹ ẹ́, adìẹ kò kú. Wọ́n ní oògùn náà kò mọ adìẹ, èèyàn ló mọ̀. Wọ́n wó àtíbàbà rẹ̀, wọ́n sì lé e jáde kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó gbé igbá rẹ̀ rù, ó ń lọ sí Ifẹ̀-Ọ̀dàn, níbi tí ọmọbìnrin rẹ̀ ti lọ́kọ. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò bú mi. Ó kàn wò mí bíi pé ó ń dúró de nǹkan.

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, bàbá mi fi ayùn irin gé páìpù kúkúrú náà kúrò fúnra rẹ̀ lẹ́yìnkùlé wa, ó sì fi èyí tó gùn padà sí i. Ó gbójú sókè, ó rí mi.

“Kí lò ń wò?”

“N kò wo nǹkan kan, Bàbá.”

A kò sọ ọ́ mọ́ títí ó fi kú. Ó mọ̀. Èmi náà mọ̀ pé ó mọ̀. Nígbà tí jẹnẹrétọ̀ wá pọ̀ nílùú, mo gbọ́ tí nọ́ọ̀sì kan ń ṣàlàyé lórí rédíò pé èéfín ẹ́ńjìnnì máa ń mú orí fọ́ni, a mú èèyàn bì, a sì mú un sùn títí yóò fi kú. Ọbẹ̀ ni mò ń sè. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo jókòó sí, ọbẹ̀ náà sì jóná.

Gbogbo èyí ni mo sọ fún ọmọ àbúrò mi lọ́jọ́ tó gbé fóònù sí mi létí. Ó pa fóònù. Ó ní, “Tàǹtí, kí ló dé tí ẹ kò sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí?” Páìpù gígùn ló ní kí wọ́n ṣe, ó kọjá ìdí ọkọ̀, ó sì ní kí wọ́n jó páànù bo ilẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ láìku ihò kan. Nígbà tó parí, ó gbé mi lọ sí Ifẹ̀-Ọ̀dàn.

Opó náà ti kú tipẹ́. Ọmọbìnrin rẹ̀ ni mo bá, òun náà ti darúgbó. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́. Ó gbọ́ ọ dé òpin.

“Ẹ jẹ níbẹ̀?”

“Mo jẹ, mà.”

“Títí tí ìyá mi fi kú, kò sí ẹni tó ra nǹkan jíjẹ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Àwọn ọmọ mi gan-an, àwọn èèyàn ní kí wọ́n má gba oúnjẹ lọ́wọ́ ìyá wọn àgbà.” Ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ àti àwọn ará ilé jáde. Ó ní, “Ẹ tún un sọ, kí wọ́n gbọ́.”

Mo tún un sọ. Kò ní kí n dìde, kò sì fi omi lọ̀ mí. Òótọ́ ló ṣe.

Ayé ti yí padà. Ẹ kò dúró de ohùn ọkọ̀ mọ́, rédíò sì ti kọ́ yín ní ohun tí a kò mọ̀ nípa èéfín. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìròyìn àtijọ́ kì í bá ọkọ̀ àtijọ́ lọ. Nínú àwọn àbúlé yẹn, wọ́n ṣì ń sọ ọ́ fún ọmọdé pé obìnrin kan fi àádùn pa ìyá àti ọmọ. Bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ sọ pé irọ́ ni. Ẹ sọ pé ẹni tó bá wọn jẹ ẹ́ ṣì wà láàyè, ní Èjìgbò, òun gan-an ló sì kọ èyí.