Irin Inú Eyín Mi àti Ẹja Ọmọ-Ọmọ Mi

Láti Awoye títí dé Ayétòrò, kò sí ẹlòmíràn tí eyín rẹ̀ ń gbọ́ ohùn ẹja. Èmi nìkan ni. Eyín kan wà lẹ́yìn, lápá òsì, tí dókítà kan fi irin dí fún mi nígbà tí irun mi ṣì dúdú. Láti ọjọ́ náà, bí ọ̀bọ̀kún bá ń ṣàròyé ebi fún ìyàwó rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ òkun, inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ni mo ti ń gbọ́ ọ. Ẹja kan tilẹ̀ ti pè mí ní olè rí.

Ẹ gbà á gbọ́ tàbí kí ẹ má gbà á gbọ́, eyín yìí kan náà ló fẹ́ ya èmi àti ọmọ-ọmọ mi nípa.

Orí òpó ni ilé wa wà, omi ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lábẹ́ pákó. Bí oòrùn bá yọ, ìmọ́lẹ̀ á ti ara omi fò sókè, á máa jó lára páànù, a ó wá dà bí ẹni tó ń gbé nínú omi gan-an. Mi ò lọ sójú òkun mọ́. Àwọ̀n ni mo máa ń jókòó tún ṣe. Ọmọ mi obìnrin á wà nídìí ààrò, á máa yan ẹja, ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tagétagé á wá jókòó lé mi lẹ́sẹ̀. Màá jẹ ẹja ṣàwá lẹ́nu, màá fi ahọ́n ṣa eegun rẹ̀ kúrò, màá sì fi ẹran rẹ̀ sí i lẹ́nu. Bí bàbá mi ṣe bọ́ mi nìyẹn. Nínú gbogbo iṣẹ́ ilé náà, èyí nìkan ló kù tí wọ́n ń dúró dè mí kí n wá ṣe.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ mi sáré wọlé, fóònù lọ́wọ́.

“Bàbá, ẹ dúró ná! Ẹ tu ẹja yẹn dànù!”

“Kí ló ṣe é? Kò kúkú bà jẹ́.”

“Ẹja kọ́, irin ẹnu yín ni. Wọ́n ní mẹ́kúrì wà nínú ẹ̀. Májèlé ni.”

“Májèlé tí mo gbé sẹ́nu kí n tó bí ẹ? Ìwọ náà á ti di májèlé nìyẹn.”

“Bàbá, mi ò bá yín ṣeré o.”

Ó gbé ọmọ náà kúrò lẹ́sẹ̀ mi. Bí wọ́n ṣe ń lọ, ọmọ náà yíjú padà, ó ń wo ẹnu mi. Ọjọ́ náà gùn lójú mi bí òkun. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ní Igbókọ̀dá ni mò ń lọ, kí wọ́n hú irin náà jáde, kí wọ́n fi èyí tó funfun dí i.

Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi wa gbéra, ìkùukùu bo omi. Àwọn igi ẹ̀gbà etí omi kan ń yọ jáde níwájú, wọ́n á wò wá, wọ́n á tún wọlé lọ. Mi ò gbọ́ ẹ́ńjìnnì mọ́. Ó ń ṣe mí bíi pé ọkọ̀ dúró lójú kan, tí ilẹ̀ wa sì ń rọra kọjá lọ.

Ọmọbìnrin kan ni dókítà eyín tí mo bá. Mo sọ ọ̀rọ̀ irin náà fún un, àti ẹja tí mo máa ń jẹ fún ọmọ-ọmọ mi, ó wá fi dígí kékeré wo ẹnu mi títí.

“Mi ò ní hú u, Bàbá. Lóòótọ́, fàdákà àti mẹ́kúrì ni wọ́n pò pọ̀, díẹ̀ sì máa ń jáde lára ẹ̀ bí èéfín. A ò fẹ́ fi dí eyín ọmọdé àti aboyún mọ́. Ṣùgbọ́n tiyín ò sán, kò sì ṣí. Bí mo bá gbẹ́ ẹ, ìgbà yẹn gan-an lẹ máa fa èyí tó pọ̀ símú, màá sì gbẹ́ eyín tó dáa mọ́ ọn. Bó bá fọ́ lọ́jọ́ kan, ẹ wá, màá fi èyí tó funfun dí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í tọ́jọ́ tó irin.”

Mo ti fẹ́ bọ́ sílẹ̀ lórí àga, inú mi ń dùn, nígbà tó ní: “Kí ló fá eyín iwájú yín báyìí?”

“Òjé ni. Bí a bá fi òjé sí etí àwọ̀n kí ó lè rì, a ó fi eyín tẹ̀ ẹ́ pa mọ́ okùn. Gbogbo wa là ń ṣe é.”

Ó gbé dígí sílẹ̀. “Bàbá! Ẹ ń sá fún irin tí wọ́n tì mọ́nú ihò, ẹ wá ń jẹ òjé bí ẹ̀pà?”

“A kì í gbé e mì.”

“Ẹnu yẹn náà lẹ sì fi ń jẹ ẹja fún ọmọ?”

Ó ní òjé máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ó ní kí n máa fi ẹ̀mú tẹ̀ ẹ́, kí n sì yé jẹ nǹkan fún ọmọ rárá, torí pé kòkòrò tó ń jẹ eyín mi lè bá itọ́ dé ẹnu tirẹ̀. Ó ní ká gbé ọmọ náà wá kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

Mo délé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ọmọ mi. Ó gbé agolo òjé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kúrò nílẹ̀.

“Bàbá, gbogbo irọ́ tí ẹ mọ̀ ọ́n pa, kí ló dé tí ẹ ò pa ti èyí?”

“Ọmọ yẹn ni kò jẹ́.”

Wọ́n yẹ ọmọ náà wò ní Igbókọ̀dá, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní kò sí ewu. Ìgbà náà ni ìyá rẹ̀ tó gbé e padà wá bá mi. Mo fi ọṣẹ fọ ọwọ́, mo gbé ṣàwá sún mọ́ fèrèsé. Okùn àwọ̀n ti sọ ìka mi di igi, kò mọ eegun tó tín-ín-rín mọ́, ojú ni mo fi ń wá a. Ó pẹ́. Ọmọ náà dúró. Mo fi ẹja sí i lẹ́nu, ó jẹ ẹ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní: “Bàbá, ọwọ́ yín dùn ju ẹnu yín lọ.”

Ọ̀rọ̀ tí mo ní ọmọ náà sọ yìí, èmi ni mo dá a. Kò tíì lè sọ ju “bà” lọ. Ohun tó ṣe ni pé ó tu ẹja náà sí mi lára, ó tún ń wo ẹnu mi. Mo pa ẹnu dé, mo tún ṣa òmíràn. Ìyẹn ló gbé mì.