Kọ́mú Àkọ́kọ́ Ọmọ Àbúrò Mi

Lọ́dún tí ọmọ àbúrò mi pé ọdún mẹ́tàlá, kì í bọ́ súwẹ́tà lára, bí oòrùn ilẹ̀ wa ṣe ń mú tó. Ó ń wọ̀ ọ́ lọ sílé ìwé, ó ń wọ̀ ọ́ yan ẹja nídìí ààrò, ó sì ń wọ̀ ọ́ lé aṣọ funfun tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo bi í pé ṣé òtútù ń mú un ni, ó ní rárá. Mo ní kí ló wá dé. Ó ní kò sí. Bí ọ̀rọ̀ wa ṣe máa ń rí nìyẹn. Èmi á bèèrè, òun á ní kò sí.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Mi ò bímọ. Ọkọ mi ti kú, àwọn aládùúgbò mi sì ń kó lọ díẹ̀díẹ̀ nítorí òkun tó ń jẹ ilẹ̀ wa, débi pé bí mo bá jókòó sẹ́yìn ilé, òpó ilé tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú omi nìkan ni mò ń rí. Àbúrò mi bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Kàmẹrúùnù, níbi tí ọ̀pọ̀ ará wa ti ń pẹja, ó sì ní kí ọmọ náà dúró tì mí títí ilé wọn lọ́hùn-ún yóò fi tòrò. Inú mi dùn lọ́jọ́ tí wọ́n mú un dé. Mo rò pé ẹni tí màá máa bá sọ̀rọ̀ ti dé nìyẹn. Mi ò mọ̀ pé ìyá rẹ̀ nìkan lọmọ náà ń tọ́jú ọ̀rọ̀ dè.

Ọjọ́ kan báyìí ni ọ̀rọ̀ súwẹ́tà náà yé mi. Àwọn ọmọ ìlú wa ló máa ń wa ọkọ̀ ojú omi fúnra wọn lọ sílé ìwé, òun ló sì máa ń jókòó síwájú, tí á máa fi àjẹ̀ ta omi sí gbogbo wọn lára. Lọ́jọ́ náà, àárín ọkọ̀ ni mo ti rí i, tó gbá báàgì mọ́ àyà, tí ó ká ara jọ bí ẹni tí inú ń run. Mo pè é nígbà tó dé.

Mo ní, "Ọma mi, o ti ń dàgbà. Ó yẹ ká ra kọ́mú fún ẹ. Kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀."

Ó wolẹ̀. "Àǹtí, Mọ́mì mi ní bí àwọn bá dé, àwọn ló máa mú mi lọ rà á."

"Ìgbà wo ni wọ́n ń bọ̀?"

"Wọ́n ní láìpẹ́."

Inú bí mi, kí n má parọ́. Ó ti lé lọ́dún méjì tí àbúrò mi ti ń bọ̀ láìpẹ́. Èmi tí mo wà nílé, tí mò ń se oúnjẹ, tí mò ń fọ aṣọ, mi ò sí nínú ètò náà rárá. Nítorí náà, nígbà tí ọjọ́ ọjà pé, mo dá lọ sí Igbókòdá, mo sì ra èyí tó wù mí.

Kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí kọ́mú jẹ́ fún obìnrin ibi tiwa. Àpamọ́wọ́ ni. Báàgì lè bọ́ sómi, ìró lè tú, ṣùgbọ́n ohun tí a bá fi ọ̀rá wé, tí a kì bọ kọ́mú, ọkàn wa balẹ̀ lórí rẹ̀ títí a ó fi gúnlẹ̀. Owó, fóònù, kọ́kọ́rọ́, àti oògùn orí fífọ́, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ń gbé. Bí a bá ń rà á, a kì í bèèrè bóyá ó rọ ara lọ́rùn. Bó ṣe jinlẹ̀ tó là ń wò. Mo ra èyí tó jinlẹ̀, tó ní fóòmù nípọnnípọn àti wáyà lábẹ́, mo sì mú un tóbi díẹ̀ kí ó lè dàgbà bá a. Mo ń yin ara mi bọ̀ nínú ọkọ̀.

Ọmọ náà kúnlẹ̀ dúpẹ́, ó sì wọ̀ ọ́. Lọ́sẹ̀ náà gan-an ni ìgbì rọ́ wọ ọkọ̀ wọn lọ́nà ilé ìwé. Aṣọ àwọn yòókù gbẹ kí ọ̀sán tó pọ́n. Fóòmù tèmi kò gbẹ, ó mumi bíi kànrìnkàn, ó sì rin mọ́ ọn lára títí wọ́n fi ṣíwọ́. Kò sọ fún mi. Ó ń bá a wọ̀ lọ bẹ́ẹ̀, iyọ̀ omi òkun àti wáyà sì ń ha á lábẹ́ apá, títí mo fi rí i tí kò lè gbé agbada ẹja sókè.

Mo ní kí ló dé, ó ní kò sí. Mo jágbe mọ́ ọn. Ìgbà náà ló bú sẹ́kún.

"Ó ń dùn mí, Àǹtí."

"Kí ló dé tó ò sọ?"

"Ẹ̀yin lẹ rà á."

Mo fún un ní àdí kó lọ fi pa ojú ibẹ̀, mo sì jókòó sẹ́yìn ilé, mò ń wo omi.

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, àwa méjèèjì la jọ wọkọ̀. Lójú ọ̀nà, gbogbo ọkọ̀ tó bá ń bọ̀ láti ọ̀nà òkun lọmọ náà ń wo ojú àwọn tó wà nínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì mọ ẹni tó ń wá. Bí mo ṣe jókòó tì í tó, ó ń ṣe mí bíi pé èmi nìkan ni mò ń lọ.

A kọjá lára àwọn olókìrìkà, a wọ ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan tó ń ta kọ́mú tuntun. Obìnrin náà fi tépù wọn ọmọ náà yípo lórí aṣọ, ó sì mi orí nígbà tí mo sọ èyí tí mo kọ́kọ́ rà.

Ó ní, "Ìyá, ọma kékeré ò nílò wáyà o, kò sì nílò fóòmù. Olówùú ni kẹ́ ẹ mú fún ọma yín, kí okùn èjìká rẹ̀ fẹ̀."

Ọmọ náà yára dáhùn. "Àǹtí mi ni wọ́n."

Ọlọ́jà ní ká má bínú. Mi ò bínú. Ó kàn dùn mí ni.

Ọmọ náà wọ àkọ́kọ́ nínú èyí tí ọlọ́jà kó wá lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ó da aṣọ rẹ̀ lé e, ó jáde, ó ní ó dára. Mi ò gba "ó dára" lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Mo fi í jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo sì fi agboòrùn ọlọ́jà lé e lọ́wọ́.

"Wa ọkọ̀."

"Àǹtí!"

"Mo ní kó o wa ọkọ̀. Ìgbì ń bọ̀."

Ó wo ìta bóyá ẹnì kan ń wò ó, ó sì fi agboòrùn wa afẹ́fẹ́. Okùn kan yọ̀ bọ́ sí i lápá. A dá a padà. Ìkejì fún un nígbà tó na ọwọ́. Ìkẹta kò yẹ̀, kò fún un, kò ha á. Ó ń wa ọkọ̀ lọ, èmi ń pariwo pé kó yà fún ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì, ọlọ́jà ń pàtẹ́wọ́, ọmọ náà sì bú sẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ ti dún létí mi. Mo ní kó mú àwọ̀ tó bá wù ú, ó mú eérú àti dúdú.

Bí a ṣe ń jáde, ó ní, "Èyí máa wu Mọ́mì mi."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo gbé báàgì mi kọ́ èjìká, a sì lọ wọkọ̀.

Súwẹ́tà kúrò lára rẹ̀, ó sì padà síwájú ọkọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò pẹ́ sí i ni ẹnì kan tó ti Kàmẹrúùnù dé gbé ẹrù wá láti ọ̀dọ̀ àbúrò mi. Bísíkíìtì wà níbẹ̀, sálúbàtà wà níbẹ̀, kọ́mú méjì sì wà nísàlẹ̀, tí wọ́n ya labalábá sí lára. Ọmọ náà kó wọn wọ yàrá, ó sì pẹ́ kó tó jáde. Mo wo kọ́mú náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìkọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kò lè kan ara wọn láé. Ọmọ kékeré tí àbúrò mi fi sílẹ̀ ló rà á fún. Kò mọ èyí tó wà lọ́dọ̀ mi.

Ìyá rẹ̀ pè nírọ̀lẹ́. Orí afárá pákó iwájú ilé nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń dé, ibẹ̀ ni mo sì jókòó sí, mò ń ṣa edé. Mo gbọ́ tí àbúrò mi ń bèèrè bóyá kọ́mú náà bá a mu.

"Ó bá mi mu wẹ́kú, Mọ́mì. Ẹ ṣeun."

Ìyá rẹ̀ ní bí òun bá dé, àwọn jọ máa lọ ra púpọ̀ sí i.

"Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, Mọ́mì. Kò sí wàhálà."

Ohùn tí àgbàlagbà fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún ló fi sọ ọ́. Ó pa fóònù, ó wá jókòó tì mí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi ṣa edé.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún wọn pé kò gbà mí."

Mo ní mi ò ní sọ.

Láti ọjọ́ tó ti dé ilé mi, ohun tí mo ń bẹ Ọlọ́run fún ni pé kó yéé retí ìyá rẹ̀, kó lè rójú rí mi. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, èjìká rẹ̀ kan tèmi, mo sì mọ̀ pé ó ti yéé retí. Mo fẹ́ kí inú mi dùn. Ẹkún ni mo sun.