Aṣọ Tí Kò Gé

Bí mo bá ti gbọ́ ìró aṣọ tó ń ya, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni mo máa ń rántí. Ahunṣọ ni wọ́n n'Ísẹ́yìn. Ìrìn ọjọ́ mẹ́ta ni ilé ìwòsàn òyìnbó nígbà náà, àwọn aláàárù ló sì ń fi orí gbé aláìsàn débẹ̀. Bí ará oko kan ò bá rówó aláàárù, bàbá á mú aṣọ tí wọ́n hun, wọ́n á gé e sí méjì. Wọ́n á fún àwọn aláàárù ní ìdajì, wọ́n á fi ìyókù kọ́ ẹ̀gbẹ́ òfì.

"Ẹ gbé e padà wálé, kí ẹ wá gba èyí. Ìdajì aṣọ ò bo ìhòòhò."

Àwọn ìdajì kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò padà wá gbà, nítorí pé ọ̀hún ni aláìsàn kú sí. Bàbá ò jẹ́ ká fọwọ́ kàn wọ́n.

Nígbà tí àìsàn dá àwọn náà gúnlẹ̀, a ránṣẹ́ pe aláàárù. Mo mú ọ̀bẹ àti aṣọ wá.

"Gbé ọ̀bẹ yẹn padà," ni wọ́n wí.

Odindi aṣọ ni wọ́n nà sí àwọn aláàárù. Wọ́n wojú ara wọn, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ gbà á.